Ọmọ àbúrò mi ní kọ̀ǹpútà ti parí ayò láti ọdún 2002. Ṣé kó dọ̀bálẹ̀ ni, àbí kó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ọmọ_Ajílòsùn (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀) · Ọjọ́ Àìkú, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹjọ́ kan ni mo gbé wá, ẹ bá mi dá a.

Ní àdúgbò wa nílùú Adó, kò sí ọ̀sán Sátidé tí a kì í ta ayò. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé wa ni ọpọ́n máa ń wà. Baba kan wà níbẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Baba Ọ̀ta, torí látìgbà tí mo ti gbọ́njú, n ò rí ẹni tó pa á láyò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Lánàá, ọmọ àbúrò mi tó wá lo ìsinmi láti yunifásítì jókòó tì wá, ó ń wòran, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí Baba pa ẹnì kẹta, tó ń kọrin ọ̀pẹ, ìyẹn ẹni tí wọ́n pa láyò, sí i lára, ni ọmọ yìí bá ya ẹnu: "Baba, ṣé ẹ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ti parí eré yìí láti ọdún 2002? Gbogbo ibi tó lè já sí pátá ni wọ́n ti yẹ̀ wò. Bí ẹni méjì tí kì í ṣàṣìṣe bá ta á, ọ̀mì ni. 24 sí 24."

Ọmọ ayò mẹ́ta ṣì wà lọ́wọ́ Baba. Kò ta á mọ́. Ó rọra dà á padà sínú ọpọ́n, ó mú fìlà rẹ̀, ó ní "Ẹ kú eré o," ó bá tirẹ̀ lọ.

Wàhálà dé. Àwọn àgbà tó kù ní kí ọmọ náà lọ dọ̀bálẹ̀ fún Baba nílé. Ọmọ ní kí lòun ṣe, òtítọ́ lòun sọ, òun ò bú ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àná. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé òótọ́ ni ohun tí ọmọ yìí sọ? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé ó yẹ kó lọ bẹ Baba?

ÌyáOníyán_Ìkẹ́rẹ́ · 5:52 ìrọ̀lẹ́

Kó lọ dọ̀bálẹ̀. Kí lẹ tún ń bi wá sí?

Èmi ò mọ ayò, uyán ni mo mọ̀. Bí oníbàárà bá ń jẹ iyán níwájú mi, tí òógùn ń bọ́ lójú ẹ̀ torí adùn, tí ẹnì kan wá dúró lé e lórí tó ń ka iye ṣúgà tó wà nínú iṣu fún un, ọmọ odó ni mo máa fi lé e jáde. Ìṣírò ẹ̀ lè pé o. Kó lọ ṣe é níta.

Dọ̀tun_Kọ̀ǹpútà · 6:03 ìrọ̀lẹ́

Mọ̀mọ́, ẹ fún mi ní àwo kan kí n tó sọ tèmi 😂

Tíṣà_Físíìsì · 7:15 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ajílòsùn, ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè yín àkọ́kọ́, torí ìyẹn lèmi lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Òótọ́ ni, ó kàn ku díẹ̀ kó pé ni.

Ọ̀mọ̀wé méjì ní Vrije Universiteit nílùú Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, ló ṣe iṣẹ́ náà lọ́dún 2002. Eré tí wọ́n ń pè ní awari ni wọ́n ṣe é lé lórí: ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, méjì tàbí mẹ́ta lèèyàn sì ń jẹ. Ẹ rí i pé ọmọ ìyá ayò wa ni. Wọ́n so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ títí tí prósẹ́sọ̀, ọpọlọ tó ń ṣírò nínú wọn, fi di 144, wọ́n sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 51. Iye ọ̀nà tí ọmọ lè gbà jókòó sórí ọpọ́n tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ 889,063,398,406. Ẹ tún un kà dáadáa.

Báwo ni wọ́n ṣe é? Ibi tí ayò ń parí sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ku ọmọ kan ṣoṣo lórí ọpọ́n, ọmọ kékeré lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n wá mú ọmọ méjì, wọ́n wo gbogbo bí méjì ṣe lè pín sí ilé méjìlá. Bí ẹnì kan bá ti jẹ, ohun tó kù lórí ọpọ́n, wọ́n ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n bọ́ sí mẹ́ta, wọ́n bọ́ sí mẹ́rin, títí wọ́n fi dé 48. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń ti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ rìn wọ inú igbó, tó ń fi àdá sààmì sídìí igi kọ̀ọ̀kan pé "bí o bá dé ibí, ọ̀tún ni kí o yà." Lọ́jọ́ tó bá sààmì sí igi tó kẹ́yìn, kò síbi tí wọ́n lè gbé e jù sí nínú igbó yẹn tí kò ní délé.

Ọ̀mì ni wọ́n bá níbẹ̀ lóòótọ́. Èyí tó ya èmi lẹ́nu jù ni pé nínú ilé mẹ́fà tí ẹni tó kọ́kọ́ ta lè ti bẹ̀rẹ̀, ilé tó wà lápá ọ̀tún pátápátá nìkan ló lè gbà á là. Bó bá ti inú èyíkéyìí nínú márùn-ún yòókù bẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kejì ò sì ṣàṣìṣe, ọ̀pẹ ni.

Ti ìdọ̀bálẹ̀, ẹ má bi mí. Ojoojúmọ́ làwọn ọmọ ń sọ òtítọ́ tí n ò bi wọ́n fún mi ní kíláàsì.

Ẹ̀fọ̀n_Kìí_Sá · 7:31 alẹ́

Tíṣà, ìwọ náà gba irọ́ yìí gbọ́? Ṣé wọ́n wá sí Ẹ̀fọ̀n wá bi wá bí a ṣe ń ta ayò ni? Awari ni wọ́n parí, wọn ò parí ayò. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bí ilé ẹni tí ò ń bá ta bá ṣófo, dandan ni kó o ta ọmọ fún un, kó lè rí nǹkan jẹ. Ní ìlú ìyàwó mi, wọ́n ní kí n kó gbogbo èyí tó kù, ó ti parí nìyẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ta ayò lọ́dọ̀ àwọn àna mi, díẹ̀ ló kù kí a jà. Òfin ìlú wo ni kọ̀ǹpútà yẹn wá lò? Lọ bi í.

Àwẹ̀ró_Ìjerò · 7:36 alẹ́

@Ẹ̀fọ̀n_Kìí_Sá ta lò ń pè ní "ìwọ"? Ṣé o mọ ọjọ́ orí Tíṣà ni?

Ẹ̀fọ̀n_Kìí_Sá · 7:38 alẹ́

Ìwọ náà ṣáà pe èmi ní "o". Ṣé ìwọ mọ tèmi ni?

Alábòójútó · 7:50 alẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa "ẹ" ara yín o. A ò rí irùngbọ̀n ẹnikẹ́ni níbí, ẹ ṣe bí ẹni pé gbogbo wọn ló hù ú. Ẹ padà sórí ayò.

Tíṣà_Físíìsì · 8:10 alẹ́

Mo dárí jì wọ́n, ọmọ ọdún 34 péré ni mí.

Ẹ̀fọ̀n sọ̀rọ̀ gidi, bí ata tiẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Bí òfin kan ṣoṣo bá yí padà, ìṣírò tuntun ni. Ọ̀rọ̀ ilé tó ṣófo yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, torí níparí eré ló máa ń ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìṣírò wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìpìlẹ̀ bá yí, gbogbo ilé yí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ayò ti parí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ òfin tó ń lò. Ọmọ yẹn ò sọ ọ́. Bí mo bá máa fún un ní máàkì, méje nínú mẹ́wàá.

Dọ̀tun_Kọ̀ǹpútà · 8:26 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n bá yín la nǹkan kan, torí àwọn èèyàn máa ń da nǹkan méjì yìí pọ̀. Kí kọ̀ǹpútà mọ eré ta ju èèyàn lọ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kó parí eré, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Lọ́dún 1997, kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Deep Blue pa Garry Kasparov, ọ̀gá àgbáyé, ní ṣẹ́ẹ̀sì, àmọ́ títí di òní ṣẹ́ẹ̀sì ò tíì parí. Kọ̀ǹpútà kàn lágbára jù wá lọ níbẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ò mọ ibi tí òpópónà já sí.

Dráàfù ti parí ní tirẹ̀. Jonathan Schaeffer àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Alberta, Kánádà, ló kéde rẹ̀ lọ́dún 2007. Ọ̀mì náà ni. Àmọ́ kí ẹ tó lọ fìyẹn dá ìjà sílẹ̀ ní gáréèjì: ti ojú 64 ni wọ́n parí, ọmọ 12 sí 12. Èyí tí àwọn dírẹ́bà wa ń gbá mọ́ pátákó yẹn, ojú 100 ni, ọmọ 20 sí 20. Ìyẹn ṣì wà láàyè dáadáa.

Ọmọ_Olósùnta · 9:02 alẹ́

Gbogbo yín ń pariwo Òyìnbó, Òyìnbó. Kí ni wọ́n mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà tí Ifá ò mọ̀? Odù 16 lọ́nà 16, 256. Ẹ lọ wo báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà, 256 náà ni. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti jí i.

Dọ̀tun_Kọ̀ǹpútà · 9:11 alẹ́

Ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, ó sì dùn mọ́ mi. Odù kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì mẹ́jọ, àmì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ yálà ẹyọ kan tàbí méjì. Bí èèyàn bá ń sọ nǹkan di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹjọ, 256 ló máa bá. Báìtì náà, bẹ́ẹ̀ ló rí: àyè mẹ́jọ, 0 tàbí 1 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìmọ̀ gidi làwọn baba wa ní, n ò jiyàn.

Ti olè yẹn ni n ò lè gbè. Leibniz, onímọ̀ ìṣírò ará Jámánì tó tẹ ìwé jáde lọ́dún 1703 lórí ìṣírò tó ń lo 0 àti 1 nìkan, àwọn ará Ṣáínà ló tọ́ka sí, kò dárúkọ wa. Ẹni méjì lè la ọ̀nà lọ sódò kan náà láìrí ara wọn. Èwo ni ti olè níbẹ̀?

Ọmọ_Olósùnta · 9:14 alẹ́

Wọ́n ti fi ìwé ra yín.

Alábòójútó · 9:20 alẹ́

Ayò. Ẹ jọ̀ọ́.

Àwẹ̀ró_Ìjerò · 10:48 alẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí látìgbà tí mo ti délé láti ibi iṣẹ́, ọkàn mi ò kúrò lára Baba yẹn.

Mo ní ayò lórí fóònù mi. Àwọn àjèjì ni mò ń bá ta á lóru bí oorun ò bá kùn mí. N ò mọ orúkọ wọn, n ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bí ẹnì kan bá pa mí, ó ti lọ nìyẹn. Kò ní kọrin, kò ní pè mí ní ọ̀pẹ, kò ní bi mí bóyá mo ti jẹun. Bí mo bá pa òun náà, n ò rẹ́ni yọ̀ lé lórí. Mo ti pa ẹnì kan ní 33 sí 15 rí, mo dìde nínú yàrá, mo wò yíká, mo tún jókòó.

Bàbá mi ló kọ́ mi. Nígbà yẹn ní Ìjerò, àwọn ọkùnrin tó máa ń ta á lójúde kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin sún mọ́ ọpọ́n, wọ́n á ní kí n lọ wo ìyá mi nídìí ààrò. Inú yàrá ni bàbá mi ti ń bá mi ta á. Kò mọ ìṣírò jù mí lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ẹnu ló fi ń pa mí. Mo lè ti ka ilé mẹ́ta sílẹ̀ nínú orí mi, tí mo ti rí ibi tí màá ti jẹ márùn-ún, ni wọ́n á bá ní, "Àwẹ̀ró, kí ló ń jóná níbẹ̀ yẹn?" Mo á gbójú sókè. Nígbà tí mo bá máa fi padà, gbogbo ohun tí mo kà ti fọ́n ká. Wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín.

Kọ̀ǹpútà alágbára prósẹ́sọ̀ 144 yẹn, ta ló bi í pé kí ló ń jóná?

ÌyáOníyán_Ìkẹ́rẹ́ · 10:55 alẹ́

Àwẹ̀ró, o pa mí lẹ́rìn-ín, o tún fẹ́ pa mí lẹ́kún. Mo gba àwo Dọ̀tun, ìwọ ni mo fún.

Baba_Olùkọ́_Ìkọ̀lé · Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọjọ́ òní á san wá. Mo ti lé ní 70 ọdún, mo sì ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ olùkọ́, nítorí náà ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìyá ìyá mi kì í jẹ́ kí a ta ayò bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Wọ́n ní àwọn ará ọ̀run ló ń ta á lóru. N ò rí wọn rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé epo fìtílà wọ́n, ẹni tó bá sì ta ayò dòru kò ní tètè jí lọ sóko. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá àgbà nígbà yẹn, ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa fi lù ú á bà mí. Mo kàn fi ìyẹn pa yín lẹ́rìn-ín ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọmọ yìí sọ gan-an. Kò sọ fún Baba pé ẹnì kan wà tó lè pa á. Ìyẹn ò ní ká a lára, ó ti ń retí irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti bí ogójì ọdún. Ohun tó sọ ni pé ohun tí Baba ń ṣe lábẹ́ igi yẹn, wọ́n ti ká a nílẹ̀. "Mo lè nà yín" yàtọ̀ sí "ìjà ti túká, ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́." Èyí èkejì lọmọ náà sọ, kò sì mọ̀ pé òun sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ní, "Baba, mo ka nǹkan kan nípa ayò nílé ìwé, ṣé kí n sọ?", Baba fúnra rẹ̀ ni ìbá ní kó sọ, inú wọn ì bá sì dùn.

Nítorí náà n ò ní kó dọ̀bálẹ̀ torí pé ó sọ òtítọ́. Kó dọ̀bálẹ̀ torí pé ó já lu eré àgbà.

Ẹ̀fọ̀n_Kìí_Sá · 7:05 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Àná mo lòdì sí ọmọ yìí, lónìí ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà.

Ṣé ẹ rí ìdí ọpọ́n ayò? Kò sí àgbà níbẹ̀. Ọ̀ta lè pe ẹni tó bí bàbá rẹ̀ ní ọ̀pẹ, kò séèyàn tó máa gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀gbọ́n Ajílòsùn fúnra wọn kọ ọ́ sókè pé Baba ń kọrin sí ẹnì kẹta lára. Ǹjẹ́ ẹ bi wọ́n pé ta ló dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì? Ọ̀rọ̀ ìdí ọpọ́n, ìdí ọpọ́n ló ń parí sí. Kí ló dé tó fi jẹ́ ti ọmọ yìí nìkan ló délé?

Ọmọ_Ajílòsùn · 7:22 àárọ̀

Ẹni tí Baba ń kọrin sí lára fi ọdún mẹ́fà ju Baba lọ. Ẹ̀fọ̀n, ẹ mú mi.

ÌyáOníyán_Ìkẹ́rẹ́ · 7:40 àárọ̀

Ẹni tó ń ta ló ní ẹnu o! Ọmọ yẹn ò ta. Òǹwòran ni. Ó lè pariwo, ó lè sọ pé "ẹ wo ilé kẹta yẹn", ó lè rẹ́rìn-ín. Kó sọ pé eré ò nítumọ̀ nígbà tí kò tíì fìdí kan ìjókòó rí, ẹnu yẹn dà lọ́wọ́ ẹ̀?

Tíṣà_Físíìsì · 7:58 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ pin. Kó lọ jókòó ta.

Baba_Olùkọ́_Ìkọ̀lé · 8:15 àárọ̀

Mo fara mọ́ ìyá oníyán.

Ọmọ_Olósùnta · 8:30 àárọ̀

Kó bi Ifá kó tó lọ o.

Ọmọ_Ajílòsùn · Ọjọ́ Àìkú (ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà), 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo ní kí ọmọ náà ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ó kà á tán, kò fèsì, àmọ́ ní Wẹsidé ó ní ká jọ lọ sílé Baba.

Baba gbà wá tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Wọn ò dárúkọ ọ̀rọ̀ Sátidé. Àfìgbà tí a fẹ́ dìde ni wọ́n bi ọmọ náà: "Kọ̀ǹpútà yín yẹn, ilé wo ló ti bẹ̀rẹ̀?" Ọmọ ní ilé ọ̀tún pátápátá. Baba ronú. Wọ́n ní, "Èmi kì í ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀." Ọmọ ní, "Ọ̀pẹ nìyẹn, Baba." Mo fẹ́ gbá a lẹ́nu! Baba rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Máa bọ̀ ní Sátidé."

Àná, abẹ́ máńgòrò kún. Àwọn tí kì í wá rí náà wá. Ẹnì kan ti lọ ròyìn pé ọmọ yunifásítì fẹ́ fi kọ̀ǹpútà bá Baba ta ayò.

Baba ló kọ́kọ́ ta, ilé kẹta láti apá òsì ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé ọ̀pẹ márùn-ún yẹn gan-an. Ọmọ náà ronú títí. Ó mọ̀ pé ọ̀nà àtipa Baba wà níbẹ̀, kò kàn mọ ibi tó wà ni. 29 sí 19, Baba jẹ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ ló bẹ̀rẹ̀, ilé ọ̀tún pátápátá, bí ìwé ṣe wí. Baba ta tiwọn. Ọmọ wá dákẹ́. Baba dúró, dúró, wọ́n ní, "Ìwé yẹn, ṣé wọn ò tẹ ojú ewé kejì ni?" Ẹ̀rín bẹ́ lábẹ́ igi. 31 sí 17. Ẹ̀ẹ̀kẹta le díẹ̀, torí ọmọ náà ti gbàgbé ìwé, ó wá ń ta ayò. 26 sí 22. Baba làágùn nínú ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ń kó ọmọ ayò jọ, Baba bi í: "Nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ta ni ọ̀pẹ?" Ọmọ ní kò sí ọ̀pẹ, ọ̀mì ni. "Ta wá ni ọ̀ta?" Ọmọ ní kò sí ọ̀ta náà. Baba ní "Ẹ ò rí i," wọ́n dé fìlà.

Ọmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bóyá ti ọ̀rọ̀ ọjọ́sí ni o, bóyá ti ọ̀pẹ mẹ́ta ni, n ò mọ̀, n ò sì bi í.

Àwẹ̀ró_Ìjerò · 4:12 ìrọ̀lẹ́

26 sí 22! Ọmọ yẹn máa di nǹkan. Ẹ sọ fún un kó fi nọ́mbà rẹ̀ ránṣẹ́, mò ń bọ̀ nílé ní Kérésìmesì, mo fẹ́ jókòó síbi ọpọ́n yẹn. Ẹ bá mi bi Baba bóyá wọ́n á lé mi o.

Ọmọ_Ajílòsùn · 4:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní kí ẹ máa mú ẹnu yín bọ̀.

Ẹ̀fọ̀n_Kìí_Sá · 4:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Àmọ́ ẹ ò sọ ohun kan fún wa. Níbi ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, nígbà tí ilé ẹnì kan ṣófo, òfin wo lẹ lò?

Ọmọ_Ajílòsùn · 4:35 ìrọ̀lẹ́

A ṣì ń bá ara wa jà lórí ìyẹn.